Ta Ló Ni Àwọn Agolo Yàrá Ẹ̀yìn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, obìnrin tó ni ìtàn yìí kò ní kí n bo àṣírí òun. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Sọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi iyọ̀ sí i, má sì yọ iyọ̀ kúrò níbẹ̀." Orúkọ nìkan ni mo yọ, nítorí ìyá arúgbó kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò yẹ kí àwọn èèyàn máa nàka sí lójú títì.

Ìyá Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn àlejò a máa rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe alága níbì kan, wọn a sì máa kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Àga ló ń ṣe o. Àga onítìmùtìmù, èyí aláwọ àti èyí aláṣọ, irú èyí tí àlejò máa jókòó sí tí kò ní rántí ilé rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kù tí wọ́n jọ ń gbé, àwọn méjèèjì sì mọwọ́ ara wọn débi pé ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò sọ pé ìyá ló bí ọmọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún ìyá náà, àbúrò ọkọ Ìyá Alága. Ìyá Alága fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tó wọ ilé wọn ní ìyàwó, torí pé ọmọ náà rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ ilé-ìwé ni nígbà náà. Òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń nà án bó bá ṣẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó sì kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà fífọ́n, òun náà ló fún un ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àga, tó tún ra ẹ̀rọ tí yóò máa fi fọ́n ọ̀dà fún un. Ibẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń kun bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn oníbàárà tirẹ̀. Kò san owó yàrá. Ta ló ń gba owó yàrá lọ́wọ́ ọmọ ilé?

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló yà sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Táì ọrùn rẹ̀ gùn kọjá ìgbànú, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ ní Onítáì kó tó rí ibi jókòó. Ó ní bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, bí omi bá ya wọ̀ ọ́, bí olè bá kó o, ilé-iṣẹ́ àwọn yóò gbé e dìde padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Alága létí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Onítáì yọ bírò. Ó ń béèrè, ó ń kọ.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe níbí, mà?"

"Àga. Ìwọ náà jókòó lé ọ̀kan."

"Ṣé iṣẹ́ mìíràn wà tí ẹlòmíràn ń ṣe nínú ilé yìí?"

"Ẹlòmíràn bíi ta ni? Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni. Kò sí àjèjì kankan níbí."

"Ṣé ẹ ń kó bẹntiróòlù pamọ́, tàbí nǹkan mìíràn tó lè tètè gbaná?"

"Kí ni mo fẹ́ fi bẹntiróòlù ṣe? Fóòmù àti aṣọ ni tèmi."

Onítáì kọ "kò sí" síbi méjì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn sì wà ní títì. Onítáì rí ilẹ̀kùn, kò béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ebi ń pa á, ó fẹ́ tètè lọ jẹun. Ìyá Alága sanwó, ó sì gba ìwé adójútòfò náà.

Ẹ bá mi dá a o. Ṣé irọ́ ni obìnrin yìí pa? Kò pa irọ́ kankan. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn lójú rẹ̀, bí ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í ti í ṣe ẹlòmíràn. Àwọn agolo ọ̀dà àti tíńà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kì í ṣe ẹrù tirẹ̀, ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn, bó ṣe yé e. Àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú ni, ó sì dá mi lójú pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti ṣe irú rẹ̀.

Ìyà tó jẹ ẹ́ kò ti ibi àṣìṣe náà wá. Bíbò tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀sán gangan ni iná sọ. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti lọ láti àárọ̀; nígbà tó máa dé, ó dé pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni ò retí. Mítà tó wà lára ògiri iwájú pariwo, ó tú èéfín dúdú, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ tó dìde, iná ti já bọ́ sórí fóòmù. Fóòmù kì í jó bí igi. Ó ń yọ́, ó ń kán, èéfín rẹ̀ sì ń dí èèyàn lọ́fun. Gbogbo wọn sá jáde, ẹnikẹ́ni ò kú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń pọn omi láti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí apá rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n omi inú garawa kì í pa irú iná bẹ́ẹ̀. Ìyá Alága dúró lódìkejì títì, ó ń wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó tán," ló sọ. Kò sunkún.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbá a mọ́ra nígbà tó délé. "Ọmọ mi," ni màmá náà wí, "ohun tó bá ti jẹ́ pé èmi àti ìwọ la jọ ń wò ó, kò tíì tán."

Ó tù ú nínú. Ìyá Alága sì tún rántí pé òun ní ìwé adójútòfò. Ó sùn bí ẹni tó ní ẹ̀yìn.

Onítáì ló kọ́kọ́ dé ibi iná lọ́jọ́ kejì. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ti di eérú, àmọ́ yàrá ẹ̀yìn kò jó tán. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ irin. Onítáì tì í, ó ṣí. Àwọn agolo tò sílẹ̀ níbẹ̀, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú.

"Mà, kí nìwọ̀nyí?"

"Agolo ọ̀dà ni. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àbúrò ọkọ mi. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́."

Onítáì káwọ́ lé orí. "Yé! Mo bi yín o. Mo ní ṣé ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ ní rárá."

"Ṣé ọmọ ìyá ọkọ mi ni ẹlòmíràn?"

"Lójú ìwé inṣọ́ránsì, ẹlòmíràn ni, mà. Tíńà ọ̀hún náà, kò sí ohun tó tún ń gbaná tó o. Wọ́n á ní ẹ tan àwọn jẹ. Wọn ò ní san nǹkan kan, wọ́n á sì lé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́, torí n ò ṣí ilẹ̀kùn yìí wò."

Ìyá Alága wo agolo, ó wo eérú. "Kí la wá máa ṣe?"

Onítáì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Aṣèwádìí ilé-iṣẹ́ wa ń bọ̀ lọ́la. Tó bá bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹ ní yàrá òfìfo ni, pé ẹni tó kó wọn síbẹ̀ kò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni lára."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ tí kò kan ẹnikẹ́ni nìyẹn, mà."

Ìyá Alága gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. Ó ń ro àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń wojú rẹ̀. Ó ń ro àga àwọn oníbàárà tó jóná, tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ wá béèrè. Ó ń ro oògùn ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n nílé. Ó ronú láti sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì gbé èrò náà tì, nítorí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò mọ irọ́ pa. Láti kékeré, tó bá jí súgà lá, ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìyá Alága sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí kò bá mọ̀ kò ní dà á láàmú.

Aṣèwádìí náà dé lówùúrọ̀. Obìnrin ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún. Kì í ṣe alásọ̀. Ó rìn káàkiri inú eérú náà, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ ra ògiri, ó dúró pẹ́ níbi tí mítà wà. Lẹ́yìn náà ló wá sí yàrá ẹ̀yìn. Onítáì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ojú.

"Ta ló ni àwọn agolo yìí, mà?"

"N kò mọ̀."

"Ta ló ń lo yàrá yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Yàrá òfìfo ni. Bóyá ẹnì kan ló yọ́ kó wọn síbẹ̀."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo ògiri, ó wo Ìyá Alága. "Ṣé ó dá yín lójú? Ẹ lè rò ó wò dáadáa. A ò kánjú."

Àánú ló wà nínú ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń purọ́ lọ́wọ́ kì í dá àánú mọ̀ yàtọ̀ sí ìfura. Ìyá Alága rò pé pàkúté ni.

"Ó dá mi lójú," ló wí.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bí aṣèwádìí bá ti gbọ́ pé ẹnì kan tí a kò mọ̀ kó ohun tó ń gbaná pamọ́ sínú ilé tó jóná, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ wọn fi tó ọlọ́pàá létí. Onítáì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́. Wọ́n fi ọlọ́pàá kan ṣọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ta ló wá sí ibi iná láti wá hú ẹ̀rọ ìfọ́nọ̀dà rẹ̀ jáde nínú eérú, tó ń fi ẹnu súfèé? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.

Ìyá Alága ń ká aṣọ nílé nígbà tí ọlọ́pàá kanlẹ̀kùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá inú, ó ń gbọ́ rédíò. Ìyá Alága jáde bá ọlọ́pàá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. A mú ọkùnrin kan níbi ṣọ́ọ̀bù yín. Ó ní àbúrò ọkọ yín lòun. Ó ní ẹ̀yin lẹ fún òun ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, pé òun ló ni gbogbo agolo ibẹ̀."

Mo ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi nígbà yẹn, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní òun rí i kedere pé bí òun bá sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," ohun tí òun sọ fún aṣèwádìí ti wó nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Ó ní òun sì tún ń sọ fún ara òun pé wọ́n á kàn bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ léèrè díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkàn èèyàn kì í wá àwáwí tì.

"Àbúrò ọkọ mi ni lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n n kò fún un ní yàrá kankan. N kò mọ ohun tó ń kó síbẹ̀."

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò pẹ́ tó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò yọ bírò. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Mà, ọkùnrin yẹn ní ká tún bi yín. Ó ní bóyá ìbéèrè wa ò yé yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tí ẹ bá ní ẹ ò fún un ní yàrá, a jẹ́ pé ó já wọlé nìyẹn, ó kó ohun tó ń gbaná síbẹ̀, ilé sì jó. Ẹ̀sùn ńlá ni o. Wọn kì í gba onídùúró rẹ̀ bọ̀rọ̀."

Ohùn màmá jáde láti inú yàrá. "Ta nìyẹn, ọmọ mi?"

"Oníbàárà ni, Màmá."

Ó yíjú padà sí ọlọ́pàá. Ó di ilẹ̀kùn mú. "Bí mo ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni."

Láti ìgbà náà ni ilé yẹn ti dákẹ́ bí ilé tí àìsàn wọ̀. Ìyá Alága sọ fún màmá pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí iṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà jíjìn, pé ó ní kí òun bá a kí wọn.

"Láìwá dágbére fún mi?" ni màmá béèrè.

"Wọ́n ń kánjú ni, Màmá."

"Ọmọ yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Màmá gbé fóònù rẹ̀, ó pè é. Kò wọlé. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, kò wọlé. Ó wá ń gbé fóònù náà kiri inú ilé, láti yàrá dé ilé ìdáná, bí ẹni tó ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ìyá Alága ò lè bá a jẹun pọ̀ mọ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Màmá ní kí òun náà bá a gbà á, nítorí ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa á.

Ìyá Alága sáré lọ bá Onítáì ní ọ́fíìsì. "Ọmọ ilé mi ni wọ́n tì mọ́lé. O ní kò kan ẹnikẹ́ni."

"Mà, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ bó ṣe yẹ. Tí owó bá jáde, a ó fi gba lọ́yà tó dáa fún un."

"Ṣé kí n wá fi owó tí mo tà á gbà rà á padà ni?"

Onítáì ń tún táì rẹ̀ ṣe. Obìnrin náà sì dìde, ó padà sílé, kò yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó bá ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ó ní òun gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ nínú ibẹ̀, òun sì yára ẹsẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, aṣèwádìí náà wá sí ilé, Onítáì tẹ̀ lé e. Ìyá Alága fi wọ́n jókòó ní pálọ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín," ni aṣèwádìí ń sọ lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀pá ìtìlẹ̀ ń dún bọ̀ láti yàrá inú. Màmá ló ń bọ̀. Ó ti gbọ́ ohùn àlejò, ó ti wé gèlè.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wa tún ṣọ́ọ̀bù kọ́?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. À ń wò ó lọ́wọ́ ni," ni aṣèwádìí dáhùn.

"Ẹ bá wa ṣe é dáadáa o." Màmá rọra jókòó. "Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ jókòó tì yìí. Ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kó máa lọ, ó ní òun ò lọ ibì kankan. Èmi tí mo jókòó yìí, òun ló ń tọ́jú mi."

"Màmá, ẹ lọ sinmi," ni Ìyá Alága wí.

"Jẹ́ kí n yìn ọ́ lójú àlejò. Ìgbà wo ni mo tún máa rí ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún?" Màmá kọjú sí aṣèwádìí. "Ọmọkùnrin mi tó kù, ta ló tọ́ ọ? Òun ni. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán tí kò ríbi dúró sí, ta ló fún un ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Òun náà ni. Ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n ọ̀dà, òun ló rà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tọ́mọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ wá ibi tí ìyàwó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ọkọ, kí ẹ wá sọ fún mi."

Onítáì wúkọ́. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ já bọ́.

Aṣèwádìí fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. "Màmá, níbo ni ọmọkùnrin yín náà wà báyìí?"

"Ó lọ kun hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó wa ló sọ fún mi."

Aṣèwádìí wo Ìyá Alága, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Mà," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn ni, àbí èmi?"

"Sọ kí ni fún mi?" ni màmá béèrè.

Ìyá Alága bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ta ni?"

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ta ló wá sọ pé ó ṣe nǹkan?"

Màmá wo Onítáì, ó wo aṣèwádìí, ó wá wo àárín orí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dorí kodò níwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ó na ọwọ́, kì í ṣe sí Ìyá Alága. Ọ̀pá rẹ̀ ló ń wá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló sọ fún aṣèwádìí, "ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní ọkọ̀ níta, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Aṣèwádìí dìde, ó di màmá lápá mú. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn ni mo ṣe wá, kí n tún bi yín bóyá ẹ fẹ́ yí ohun tí ẹ sọ padà. Iwájú ni iná ti bẹ̀rẹ̀, lára mítà. Agolo ẹ̀yìn ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ pé yàrá iṣẹ́ ni, ọ̀dà oríṣiríṣi wà lára ògiri. Mo rò pé ẹ gbàgbé láti sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń gba ìwé ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé. À bá yọ díẹ̀ nínú owó náà nítorí ewu tí ẹ ò sọ, à bá sì san ìyókù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ rò ó wò."

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìyá Alága fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn lọ sí àgọ́ náà. Ó sọ òtítọ́ níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ò san nǹkan kan, torí irọ́ tó pa fún aṣèwádìí wọn. Onítáì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, n kò mọ ibi tó wà báyìí. Lọ́wọ́lọ́wọ́, Ìyá Alága ń rán aṣọ àga fún ẹni tó ti ń bá a du oníbàárà tẹ́lẹ̀. Màmá ò bá a jà. Ó kàn ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Mo ń lọ bá ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé adójútòfò nílé, ẹ lọ yọ ọ́ wò lónìí. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ gbàgbé láti sọ, àní bó jẹ́ àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì, ẹ lọ sọ fún wọn kí iná tó sọ. Bí iná bá sì ti sọ, ẹ ṣì lọ sọ ọ́. Ẹnu á máa wúwo, ojú á máa tini. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí obìnrin yìí ń gbé kiri.

Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, ó lọ bẹ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní yàrá tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó bá a tó ń fi pépà oníyanrìn ha ilẹ̀kùn kan nínú àgbàlá. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé àpótí kan fún un, ó ní kó dìde.

"Mo ti dárí jì yín," ló wí. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Èmi náà mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ sí yín." Ó ń ha ilẹ̀kùn náà lọ. "Ohun kan ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbàgbé. Nígbà tí ọlọ́pàá dé tó ní ẹ ní ẹ ò fún mi ní yàrá, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò bi yín dáadáa ni. Mo ní ìyàwó wa nìyẹn, kó padà lọ, kó tún bi yín. Ó lọ lóòótọ́. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo kí àwọn tí wọ́n jọ tì wá mọ́lé pé ó dàbọ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn irin kí wọ́n lè tètè ṣí i fún mi."

Ìyá Alága ò lè gbójú sókè.

"Ọlọ́pàá náà padà dé," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Kò wojú mi. Ó ní kí n lọ jókòó."